Ilẹ̀ tí wọ́n wò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ arákùnrin kan tó béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àgbà

Tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti ní kí n kọ ọ́, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ wọn, tí n kò sì dárúkọ àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà. Ìbàdàn ni, ìyẹn tó. Àwa mẹ́rin la wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya ní ìjọ wa. Èmi ni akọ̀wé, inú ìwé àkọsílẹ̀ mi ni mo sì ti to ọ̀rọ̀ náà jọ. Àwọn tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni àwọn díákónì, àwọn ìyá ìjọ àti àwọn pásítọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń dá dúró lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín."

Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 34, olùkọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Wọ́n bí ọmọ méjì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, lánlọ́ọ̀dù sì ti fi kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan àtààbọ̀. Ní oṣù January, ó tún kọ ìwé ìkẹta sí wọn. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ pinnu pé òun kò ní kú sí ilé onílé. Ó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, ìyàwó kó èésú tirẹ̀ lé e, owó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù méjì náírà.

Ajẹ́ǹtì tó mú ilẹ̀ wá jẹ́ ọmọ ìjọ mìíràn. Brọ̀dá ló ń pe ọkọ, "nípa oore-ọ̀fẹ́" ló sì fi ń parí gbogbo gbólóhùn. Púlọ́ọ̀tì kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ₦1,800,000. Oṣù February ni wọ́n lọ wò ó. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀, ilé méjì ti ń dìde nítòsí. Ajẹ́ǹtì yọ sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, jáde nínú báàgì, òǹtẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ojú ọkọ kúrò nílẹ̀ nígbà tó rí ìwé náà.

Ẹnikẹ́ni kò rán an sí àgbà o. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Bàbá, àgbà kan nínú ìjọ wa. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gbọ́ràn, a máa ń sọ ọ́ bíi pé wọn kì í béèrè rárá. Bàbá ti lé ní ẹni ọdún 75 nígbà náà. Ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, yíya àwòrán ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju Bàbá lọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú ìjọ wa. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n dúró sí, ìwé orin ṣì wà lábẹ́ apá Bàbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Má sanwó. Gba sọ́fè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ká gbé e lọ sí Agodi. Wádìí Mọ́gàjí ẹbí yẹn. Kí o sì padà lọ wo ilẹ̀ náà nígbà tí òjò bá rọ̀." Ó wá fi òwe dè é: "Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá gun igi, kò lè rí i."

Ohun mẹ́ta yẹn, kò sí èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde lọ́dún 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ìjọba lè ti gba ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, kó má sì sí àmì kankan lórí rẹ̀; ewúrẹ́ ń jẹko níbẹ̀, ẹnì kan ń gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó wà ní igun sọ́fè ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ bọ́ sí, nígbà tí wọ́n bá gbé e lé orí máàpù ìjọba ní Sẹkitéríàtì ní Agodi. Òǹtẹ̀ kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ti Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, ńkọ́? Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí lọ́wọ́ sí i, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ, kí wọ́n fagi lé e. Ti òjò kò nílò àlàyé, ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn mọ bí omi ṣe máa ń rìn níbẹ̀.

Àmọ́ Bàbá kò sọ ọ̀kankan nínú àwọn ìdí wọ̀nyí. Àṣẹ mẹ́ta àti òwe kan ló sọ. Ohun tí ọkọ gbọ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé: "Dúró di oṣù June, torí pé mo dàgbà jù ọ́ lọ." Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin ọjọ́ yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni dé Agodi.

Ọkọ dáhùn pé, "Ẹ ṣé sà. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà sí i, ọkàn mi sì balẹ̀."

Bàbá dákẹ́. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní, "Ta ni mí tí n ó máa bá àdúrà olówó jiyàn?" Èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹnì kan bá ti lè sọ pé Ọlọ́run ti fi ọkàn òun balẹ̀, gbogbo àgbà inú ìjọ á ki ọwọ́ bọ àpò. Pọ́ọ̀lù ní ká wádìí ohun gbogbo wò, ká di èyí tó dára mú. Kò yọ ìbàlẹ̀ ọkàn sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá tó lọ́jọ́ yẹn: "Ọmọ mi, kí ni o bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run gan-an?" Torí nígbà tí a wá bi í, ó ní òun gbàdúrà pé kí ẹlòmíràn má ra ilẹ̀ náà mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹlòmíràn kò sì tíì rà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló lọ bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn márùn-ún ni. Ó tilẹ̀ fi Òwe 11:14 dá ara rẹ̀ láre, pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbìmọ̀ ni àìléwu wà. Gbogbo wọn ní kó rà á kíá. Ohun tí a wá mọ̀ nígbà tó yá ni pé nínú àwọn márààrún, kò sí ẹni tó ra ilẹ̀ rí. Ajẹ́ǹtì sì ti ṣèlérí fún méjì nínú wọn pé bí brọ̀dá yìí bá ti rà, òun yóò dín owó púlọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù fún wọn. Wọn kò purọ́ fún un. Wọn kò kàn sọ pé àwọn náà ń jẹ nínú ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa Rehoboamu, ọmọ Solomoni tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, níbí, torí ìtàn rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń sáré mú bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. A máa ń wàásù rẹ̀ bíi pé ọmọ kékeré aláìgbọ́n ni. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tó jọba. Ó wà nínú 1 Ọba 14:21. Àwọn "ọ̀dọ́mọkùnrin" tó bá a dàgbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, kò sí ọmọdé níbẹ̀. Kò kánjú pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ènìyàn ní Ṣekemu ní kó mú àjàgà bàbá rẹ̀ fúyẹ́ lọ́rùn àwọn, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà lọ́wọ́ wọn kó tó dáhùn. Àwọn àgbà tó ti dúró níwájú Solomoni ló sì kọ́kọ́ bi. Ẹ wá wo ẹsẹ 8 nínú orí 12 dáadáa: ó ti kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà sílẹ̀ kó tó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìgbà kejì yẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn ló ń wá. Ẹni tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀ ló ń wá. Àwọn tó sì lọ bá, ààfin ni wọ́n ti dàgbà, àjàgà Solomoni kò kan ọrùn wọn rí. Àwọn àgbà ló mọ bí àjàgà náà ṣe wúwo tó. Ẹ̀yà mẹ́wàá ló bá ibẹ̀ lọ, wọ́n sọ Adoramu, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àfipáṣe fún ọba, lókùúta pa, ọba sì fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin sá lọ sí Jerusalẹmu.

Ní oṣù April, arákùnrin wa san ₦1,000,000. Rìsíìtì tí wọ́n fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọmọ onílẹ̀ lòun ló fọwọ́ sí i. ₦800,000 ṣẹ́ kù.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣe èyí tí Bàbá sọ. Kò bá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ló wà tó ń so ọmọ mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò yẹn dúró sí i létí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù June, lẹ́yìn òjò alẹ́, ó ti ibi iṣẹ́ òru gbọ̀nà ibẹ̀ lọ. Omi dé orúnkún. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́bàá ọ̀nà pè é, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni ẹnì kẹta tó máa dúró síbẹ̀ yẹn tó máa ní òun ló rà á."

Ó ti fẹ́ fóònù ọkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó rò ó, ó yà sọ́dọ̀ ìyàwó Bàbá. Ìmọ̀ràn tí Mama fún un, mo ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Má sọ ọ́ lálẹ́. Má sọ ọ́ níwájú ọmọ. Má sọ pé Bàbá ti wí. Ohun tí o fojú rí ni kí o sọ, kí o wá dákẹ́." Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí Titu pé kí àwọn àgbà obìnrin máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin, irú èyí ni mo rò pé ó ní lọ́kàn ju àṣè àpéjọ tí a ń fi aṣọ ẹgbẹ́ ṣe lọ. Ìyàwó ṣe bí Mama ṣe wí. Ọkọ ṣì bínú. Odindi ọjọ́ méjì ni wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn tó dára kì í ṣe oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ajẹ́ǹtì pè ní ọjọ́ Ajé: ẹlòmíràn ti kó owó wá, ó di ọjọ́ Ẹtì kí brọ̀dá parí owó tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò mọ ohun tí òun máa ṣe mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó parí rẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ má baà wọmi. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó wá sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wa.

Àṣìṣe ibí yìí, tèmi ni. Mo ṣí 1 Ọba 12, mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń le. Ẹni tó ti san mílíọ̀nù kan, tí oorun kò kùn ún mọ́, ni mo ń sọ fún pé Rehoboamu ni. Ó ń wo aago. Bí Bàbá kò bá wọlé lákòókò yẹn, mo gbà pé ní ọjọ́ Ẹtì ni ì bá lọ san ìyókù, nítorí ìbínú sí mi.

Bàbá jókòó, kò bá a wí. Àpòòwé kan ló yọ jáde nínú Bíbélì rẹ̀, ó tú u, ó sì gbé rìsíìtì kan sórí tábìlì. Ọdún 1983 ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo ń ya ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́, ọwọ́ ọmọ ẹbí kan ni mo ti ra tèmi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ojú ń tì mí láti wá Mọ́gàjí wọn lọ, kó má baà dà bíi pé n kò fọkàn tán an. Mo kọ́lé náà dé ibi fèrèsé. Mọ́gàjí wá, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Wọ́n wó o ní ọ̀sán gangan, Mama yín ń wò wọ́n, oyún wà nínú rẹ̀." Ó nu awò ojú rẹ̀. "N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí rí. Àwọn ọmọ mi gan-an kò mọ̀."

A dákẹ́ títí. Ọkọ gbé rìsíìtì náà, ó wò ó tiwájú tẹ̀yìn, ó wá béèrè ìbéèrè tí kò béèrè ní oṣù February: "Bàbá, kí ni wọ́n máa ń wò lára sọ́fè yẹn ní Agodi gan-an, sà?"

Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn wọlé. Ohun mẹ́ta kan náà ni Bàbá tún sọ, kò fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n ní February, ipò àgbà ló fi sọ ọ́. Ní June, ojú àpá ló fi sọ ọ́. Mo ti ń jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yìí fún ọdún 11, n kò rí ohun tó mú kí ọ̀dọ́ gbọ́ràn tó ju èyí lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwa àgbà máa ń fi pamọ́ jù nìyẹn. A fẹ́ kí wọ́n rí ọgbọ́n wa, kí wọ́n má rí ibi tí a ti rà á.

Kò san owó lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Agodi pẹ̀lú Bàbá, ó sì gbà wọ́n ju ọjọ́ kan lọ. Inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni àwọn nọ́ńbà sọ́fè náà bọ́ sí. Mọ́gàjí ẹbí ọ̀hún, nígbà tí wọ́n wá a kàn, kò gbọ́ nípa títà kankan rí; inú bí i sí ọmọ tó fọwọ́ sí rìsíìtì ju bó ṣe bí arákùnrin wa lọ. Lọ́yà kan nínú ìjọ kọ ìwé, Mọ́gàjí sì fúngun mọ́ ọmọ rẹ̀ kó dá owó náà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá owó padà láàárín oṣù 14, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. ₦400,000 yòókù kò tíì padà. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ń já lára owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù, torí ẹgbẹ́ kò mọ̀ nípa ajẹ́ǹtì.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ irú ìtàn yìí máa ń dúró síbí. Èyí tó tẹ̀ lé e ló dùn mọ́ mi jù.

Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀, wọ́n rí ilẹ̀ mìíràn, ó kéré jù ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì jìnnà. Bàbá bá wọn wo sọ́fè, ó mọ́. Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Òjò rọ̀, wọ́n lọ wò ó, omi kò dúró. Bàbá wá ní kí wọ́n má rà á, pé inú igbó ni, kò ní sí ẹni tó máa gbé ibẹ̀ títí ayé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ kò sọ pé òun ti gbàdúrà. Ó béèrè ìdí. Bàbá sọ ọ́. Ìyàwó wá sọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé wọ́n ti ń la ọ̀nà kan bọ̀ níhà ibẹ̀, òun rí àwọn ẹ̀rọ katapílà nígbà tí òun lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé tó wà níwájú. Bàbá ní kí wọ́n mú òun lọ. Ó rí ọ̀nà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti ṣì í. Ẹ rà á."

Ẹlihu ti sọ ọ́ nínú ìwé Jobu, orí 32, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn àgbà máa ń mọ ohun tó tọ́. Orí tó tẹ̀ lé ti Rehoboamu gan-an, ìtàn wòlíì arúgbó kan ní Bẹtẹli ló wà níbẹ̀, ẹni tó purọ́ fún ènìyàn Ọlọ́run pé áńgẹ́lì ló rán òun, títí kìnnìún fi pa onítọ̀hún lójú ọ̀nà. Bíbélì to orí méjèèjì tẹ̀ léra wọn, àwa là ń yọ èkejì sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ gbọ́ tiwa. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn kì í fi í gbọ́ tiwa rárá: wọ́n ti ka orí 13.

Ohun tó yí padà nínú ìgbìmọ̀ wa kò pọ̀. A kì í bi wọ́n mọ́ pé, "Ṣé o ti bá àgbà sọ̀rọ̀?" torí bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn máa ń dáhùn. Ohun tí a ń béèrè ni ta ló sọ ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́ fún wọn, àti ibo ni wọ́n gbà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ. A sì máa ń béèrè ohun tí ẹni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn máa rí jẹ níbẹ̀. Bí ọkọ bá wá nìkan, a máa ń ní kó mú ìyàwó dání; ọ̀rọ̀ lè ti dúró sí òun létí. Èmi ní tèmi, n kò ka Rehoboamu fún ẹni tó wà nínú ìpọ́njú mọ́. Mo ń kà á fún ìgbìmọ̀.

Èyí tó ṣòro ni ti rìsíìtì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo lọ bẹ àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn nínú ìjọ, tí mo mọ̀ pé wọ́n ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àpò, pé kí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìgbéyàwó sọ ọ́. Ọ̀kan gbà. Èkejì ní òun yóò rò ó, ó ṣì ń rò ó. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìyá kan, ìtàn tirẹ̀ sì ju ti Bàbá lọ. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi parí. Ó wá ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láàyè, ó sì máa ń jókòó ní ìlà kejì lọ́jọ́ Ìsinmi. N kò tún béèrè mọ́.